Ríìmù Kẹrin Ketill

"Má tíì gbé afẹ́fẹ́ sí i o. Jẹ́ kó sinmi ná."

Ohun tí Ketill sọ kẹ́yìn fún Sindri nìyẹn. Kò súre fún un. Kò ní kó tọ́jú ìyá àgbà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ríìmù ló ń sọ. Ríìmù kẹta wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi súwẹ́tà wé e bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ketill nawọ́ sí i, ó sọ ohun tó sọ, ó ní òun ń lọ mu kọfí. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Mẹ́tàlá ni Ketill rìn kó tó ṣubú. Sindri lọ ka ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú yìnyín lẹ́yìn náà, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí ì bá ṣe. Mẹ́tàlá ni.

Oṣù kejì ọdún ni, ní Höfn, ìlú kan létí òkun. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni Ketill. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Sindri, ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ Ketill, kó má fi ẹkún bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà kò fẹ́ràn ẹkún. Ẹ̀rín ló fẹ́ràn, àti kọfí, àti ríìmù.

Ìlú apẹja ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, apẹja. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, apẹja. Ajá ilé wọn pàápàá máa ń bá wọn wọkọ̀. Ketill nìkan ni òkun kọ̀. Bó bá ti gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ báyìí, èébì dé. Ọkọ̀ kò tíì kúrò ní èbúté o, okùn ṣì wà lára rẹ̀, Ketill á ti dorí kodò. Geiri, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó fi àádọ́ta ọdún pẹja, kò jẹ́ kó gbàgbé.

"Ketill, rọra o, kọfí inú ife yẹn ń mì. Kó má lọ bì ọ́ ṣubú."

Ketill á ní, "Omi tó bá dì lèmi ń bá ṣe. Èyí tó ń mì, ìwọ máa mu ún lọ."

Omi tó dì náà kò jìnnà. Òkè yìnyín ń bẹ lẹ́yìn ìlú, funfun, ó tẹ́ lọ bí ẹni pé kò lópin. Ketill kọ ẹ̀yìn sí òkun, ó kọjú sí i. Ó kọ́ iṣẹ́ irin jíjó. Nígbà tó yá, gbogbo agbègbè ń gbé jíìpù wá bá a kó bá wọn pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ jíìpù, ohun kan ni Ketill mọ̀ nípa rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n dójú àmì. Ríìmù kékeré, táyà ńlá. Àwọn ọmọ Reykjavík, olú ìlú, ń ṣe é sódì. Wọ́n á fi ríìmù ràgàjì tó ń dán sí i, wọ́n á wá fi táyà tín-ín-rín wé e létí bí ẹ̀gbà ọwọ́. Ó dára lórí títì. Gbé e dórí yìnyín, irin á gé e bí ọ̀bẹ ṣe ń gé bọ́tà, jíìpù á fi ikùn lélẹ̀ bí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu yó. Ṣùgbọ́n bí ríìmù bá kéré, tí rọ́bà pọ̀ lára táyà, èèyàn lè tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ dànù títí á fi tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Yìnyín ò ní gbé e mì.

Nítorí náà, bí jíìpù bá dé pẹ̀lú ríìmù ínṣì méjìdínlógún, Ketill á tú u sọ nù. Á mú ti ínṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Á rẹ́ díẹ̀ lára irin bíréèkì kí ríìmù kékeré náà lè ráyè wọlé. Á wá gé ríìmù sí méjì yíká bí ẹni gé búrẹ́dì, á fi ọ̀já irin sáàárín, á jó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èyí tó fẹ̀ ní ínṣì mẹ́jọ á di mẹ́rìnlá.

Ẹ̀yìn jíjó ni àwọn yòókù ti ń ṣìṣe. Ketill kì í jẹ́ kí atẹ́gùn kan ríìmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó. Á fi súwẹ́tà irun àgùntàn wé e, á so apá súwẹ́tà mọ́ ara wọn, á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

"Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú iná, abiyamọ ni," bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. "A kì í ti abiyamọ sínú òtútù lọ́jọ́ tó bímọ. Bó o bá tì í, á là."

Ọ̀dọ̀ Hallbera ìyàwó rẹ̀ ni súwẹ́tà ti ń wá. Ọdọọdún ló ń hun ọ̀kan fún un. Ketill á wọ̀ ọ́ fún ọdún méjì, ó di ti ríìmù. Bí òórùn irun àgùntàn tó jóná bá ti gba àdúgbò kan, gbogbo ènìyàn á mọ̀ pé Ketill ti bímọ.

"Ketill, jọ̀ọ́, ta ni mò ń hun súwẹ́tà fún? Ìwọ ni àbí irin?"

"Òtútù ń mú àwa méjèèjì, Hallbera."

"Irin ò tíì kí mi pé o ṣeun rí."

"Èmi náà ò tíì kí ọ rí. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá."

Inú òórùn yẹn ni Sindri dàgbà sí. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, ọwọ́ àwọn àgbà méjì yìí ló wà. Ìwé kò wọ̀ ọ́ lórí. Lọ́dún tó pé mẹ́rìndínlógún, ó gbé àpò ìwé rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò gbé e mọ́. Kò lè sọ fún wọn. Ketill wo àpò náà fún ọjọ́ mẹ́ta, lọ́jọ́ kẹrin ó wo ọmọ.

"Kò wọlé?"

"Kò wọlé, Bàbá àgbà."

"Kò burú. Bá mi di ríìmù yìí mú."

Láti ọjọ́ yẹn ni Sindri ti ń di ríìmù mú. Òun á máa yí i díẹ̀díẹ̀, Ketill á máa jó o. Ọdún mẹ́fà. Kò tíì dá ọ̀kan jó rí.

Ohun kan tún wà tí Ketill kì í fi ṣeré. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ìgbà ooru, ìyẹn Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹrin tí yìnyín ṣì máa ń bọ́ lé ẹni tó ń kí ọ kú ìgbà ooru lórí, òun àti Hallbera a máa gun òkè yìnyín lọ sí ahéré kan tó wà lókè. Ibẹ̀ ni Hallbera ti gbà láti fẹ́ ẹ. Ọdún márùndínláàádọ́ta, wọn ò fo ẹyọ kan. Wọ́n gbé ọmọ ọwọ́ lọ. Lọ́dún kan, Hallbera fi ẹsẹ̀ tó kán lọ, Ketill pọ̀n ọ́n láti inú jíìpù dé ẹnu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ìpáàrà ti jẹ jíìpù wọn àtijọ́ tán. Ketill ra òmíràn lọ́wọ́ oníṣègùn eyín kan ní Reykjavík. Ríìmù rẹ̀ tóbi, ó ń dán, èèyàn lè dúró níwájú rẹ̀ fá irùngbọ̀n. Geiri wá wò ó.

"Háà, Ketill! Dígí lo rà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wo ojú rẹ níbẹ̀, kó o lè mọ ohun tí ẹja ń sá fún."

Lọ́jọ́ náà gan-an ló tú u. Ọ̀kan nínú ríìmù dídán yẹn ṣì wà lẹ́yìnkùlé, adìyẹ Hallbera ń yé sínú rẹ̀. Ketill bẹ̀rẹ̀ mẹ́rin tuntun. Ó parí ìkínní. Ó parí èkejì. Ó jó ìkẹta, ó fi súwẹ́tà wé e. Ìkẹrin wà nílẹ̀ ní gígé, apá kan níhìn-ín, apá kan lọ́hùn-ún. Ó lọ mu kọfí.

Wọ́n sin ín. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Sindri ń lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹja sínú páálí, ó ń bọ̀, ó ń sùn. Bó bá fẹ́ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, á gba ẹ̀yìn ilé.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ìgbà ooru wọlé, Geiri wá jókòó sí ilé ìdáná Hallbera. Ó mu kọfí ife méjì. Ó ní kí Hallbera má dààmú, òun á fi jíìpù tòun gbé e gòkè.

"O ṣeun, Geiri. Wákàtí mẹ́ta ni. O ò lè dákẹ́ fún wákàtí mẹ́ta."

"Màá dákẹ́."

"O ò dákẹ́ níbi ìsìnkú."

Geiri rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni.

"Ẹsẹ̀ tí Ketill bẹ̀rẹ̀ fún mi ni màá fi gòkè," Hallbera wí. "Bí kò bá ṣeé ṣe, màá jókòó sílé, màá máa wo òkè láti ojú fèrèsé. Ó tán." Ó yíjú sí Sindri. "Ó ku mélòó?"

"Ọ̀kan, Ìyá àgbà."

"Ọ̀kan péré? Ọ̀kan ló ń lé ẹ gba ẹ̀yìn ilé láti oṣù kejì?"

Sindri ò mọ̀ pé ó ti rí òun. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lórí ìṣó.

Inú ṣọ́ọ̀bù tutù. Ife Ketill wà lórí tábìlì. Súwẹ́tà tó bọ́ lọ́jọ́ náà nítorí ooru iná ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, aláwọ̀ eérú, òdòdó funfun yí ọrùn rẹ̀ ká. Sindri ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó tú ìkẹta kúrò nínú ìdì. Èyí tí wọ́n fi wé e ti jóná di ihò, ó já sí i lọ́wọ́. Ríìmù náà ti sinmi fún oṣù méjì. Kò sí ríìmù tó sinmi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó wá kan ìkẹrin. Kò sẹ́ni tó máa bá a yí i, ó ń fi ọwọ́ òsì yí i, ó ń fi ọ̀tún jó o. Ó jó o, kò dára, ó gé e. Ó tún un jó, kò dára, ó gé e. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà á. Lọ́jọ́ karùn-ún, ojú jíjó náà tò wálẹ̀ bí ẹyọ owó tí wọ́n tò léra. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi yíjú sẹ́yìn láti fi han ẹnì kan.

Kò sẹ́nì kan.

Ó lọ wo àpótí tí Ketill ń kó súwẹ́tà àlòkù sí. Òfìfo. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó nawọ́ sí i, ó gbé imú sún mọ́ ọn. Epo, kọfí, Ketill. Ó fà sẹ́yìn. Ó fi ẹ̀mú gbé ríìmù jáde, ó tẹ́ ẹ sínú yìnyín. Ó dún ṣìì.

"Ó ti sinmi," ló sọ fún ara rẹ̀. Irọ́ ni, ó sì mọ̀.

Ibì kan ṣoṣo ni Ketill ti ń yẹ ríìmù wò bóyá ó ń jò, ìyẹn nínú Ìkòkò. Ìkòkò ni wọ́n ń pe kòtò omi gbígbóná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún tí ìlú kọ́ fún ìlúwẹ̀ẹ́. Láàárọ̀ kùtù, àwọn àgbà á ti rì sínú rẹ̀ dé ọrùn, èéfín á máa jáde lórí wọn bí ẹran inú ọbẹ̀, wọ́n á máa tú ìlú palẹ̀. Ketill ní ọṣẹ lè purọ́, omi kì í purọ́, kò sì sí ọpọ́n kan ní Höfn tó lè gba táyà òun àfi Ìkòkò. Ragna, obìnrin tó ń ṣọ́ adágún náà, kò kọ́kọ́ gbà. Wọ́n fi odindi ọdún kan jà á. Nígbẹ̀yìn wọ́n fẹnu kò: láàárọ̀ ọjọ́ tí Ragna bá fẹ́ da omi Ìkòkò nù kó sì fọ̀ ọ́, kó tó dà á, Ketill lè gbé táyà wá. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù nìyẹn. Lóṣù yìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló bọ́ sí, ọjọ́ méjì kí ìgbà ooru wọlé.

Ìkínní àti èkejì, Ketill ti yẹ̀ wọ́n wò ní oṣù kìíní. Sindri yí ìkẹta àti ìkẹrin wọlé, táyà ti wà lára wọn. Ragna fọwọ́ lé ìbàdí.

"Wọ́n ti wẹ̀?"

"Wọ́n ti wẹ̀."

"Pẹ̀lú ọṣẹ? Orí, abíyá, abẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀? Òfin ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀."

"Mo fọ gbogbo abíyá wọn, Ragna."

"Ó dáa. Kí wọ́n má sáré létí omi."

Táyà kì í rì fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà ló ń rì í. Geiri jókòó lé e lápá kan, Flosi jókòó lé e lápá kejì. Àlùfáà ni Flosi, òun ló sin Ketill, ṣùgbọ́n nínú Ìkòkò, pátá ìlúwẹ̀ẹ́ ló wà nídìí rẹ̀ bíi ti gbogbo ayé. Wọ́n fi ìdí tẹ ìkẹta wọlẹ̀. Omi dákẹ́. Kò sí ìhó kankan.

"Iṣẹ́ Ketill kì í jò," Geiri wí. Ó wúkọ́. "Ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń jò."

"Ẹ rọra, Geiri, ẹ ti fẹ́ bọ́ sínú omi," Sindri wí.

"Ẹsẹ̀ mi ló wà lábẹ́ rẹ̀," Flosi wí. "Àtàǹpàkò ọmọ Ọlọ́run."

Ó kan ìkẹrin. Wọ́n jókòó lé e. Sindri kúnlẹ̀ létí Ìkòkò, ó tẹjú mọ́ ọn. Omi dákẹ́. Omi dákẹ́ síbẹ̀. Flosi ti ń la ẹnu láti dúpẹ́.

Ìhó kan yọ. Kékeré, bí ojú ẹja. Ó gòkè, ó bẹ́. Òmíràn tẹ̀ lé e.

Gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ̀ Geiri.

"Ó lè jẹ́ Geiri ni," Flosi wí.

Wọ́n ní kí Geiri dìde. Ó dìde. Ragna wọ inú omi tòun ti aṣọ iṣẹ́ lára, ó jókòó sípò rẹ̀. Ìhó náà ń yọ lọ ní tirẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú.

"Ẹ rí i báyìí," Geiri wí. "Ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́ lásán."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Sindri náà fẹ́ rín in, omijé ló ṣáájú. Geiri kò ṣe bí ẹni tó rí i. Ó jáde nínú omi, ó mú táyà kan, ó bá a yí i lọ síta nínú òtútù, ìhòòhò àyà, ó ń rọ́ ìtàn ẹja kan fún un lọ títí dé ẹnu ọkọ̀.

Ìròyìn Ìkòkò yá ju jíìpù lọ. Kí Sindri tó dé ṣọ́ọ̀bù, Hallbera ti dúró síbẹ̀.

"Kí lo fi wé e?"

Sindri ń tú táyà.

"Mo ní kí lo fi wé e?"

"Yìnyín."

"Yìnyín! O kó abiyamọ sínú yìnyín." Ó wo àpótí tó ṣófo. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó wo ọmọ ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Nítorí èyí?"

"Òórùn wọn ṣì wà lára rẹ̀, Ìyá àgbà."

Hallbera lọ mú súwẹ́tà náà. Ó gbé imú sí i lẹ́ẹ̀kan, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jù ú lu Sindri láyà.

"Òórùn epo ni. Gbogbo aga ilé mi ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Òun kọ́ ló hun ún, èmi ni mo hun ún, mo sì mọ ibi tó ń lọ láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ọrùn rẹ̀. Tún irin náà jó."

Sindri gé ojú ibi tó là. Ó tún un jó. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tó parí. Ó fi súwẹ́tà wé e, ó so apá méjèèjì mọ́ ara wọn. Irun àgùntàn bẹ̀rẹ̀ sí rùn. Òórùn náà jáde, ó gba ojú títì lọ. Geiri yọ orí lójú fèrèsé ilé rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ rí.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ọwọ́ ń yún Sindri. Ọjọ́ kan péré ló kù. Ó nawọ́ sí pọ́m̀pù lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta ó gbé pọ́m̀pù síta, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó lọ gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó tú ìdì. Ó fi gọ́ọ̀mù sí etí ríìmù kí táyà má bàa bọ́ bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, ó gbé táyà wọ̀ ọ́, ó fẹ́ ẹ títí géèjì afẹ́fẹ́ fi ka ogún. Ó fi ọṣẹ pa á yíká. Kò hó. Ṣùgbọ́n ọṣẹ lè purọ́. Ìkòkò ti gbẹ, Ragna ń fọ̀ ọ́.

Hallbera bu omi sínú àwo, ó gbé e sórí ògiri ọgbà. Bí omi náà bá dì mọ́jú, ìgbà òtútù àti ìgbà ooru ti dì pọ̀ nìyẹn, ọdún á sì tura.

"Ẹ gba nǹkan yẹn gbọ́?" Sindri bi í.

"Mi ò gbà á gbọ́. Mo kàn ń gbé e síta ni."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Sindri jáde kí Hallbera tó jí. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan àwo. Ó dì gbandi. Ó wá fi géèjì sí ìkẹrin. Ogún. Ó yọ ọ́, ó tún un fi sí i. Ogún.

"Kú ìgbà ooru o!" Hallbera ké láti ẹnu ọ̀nà. Yìnyín ń bọ́ sí i lórí. Ó na ẹ̀bùn ìgbà ooru sí i: súwẹ́tà tuntun, aláwọ̀ eérú, òdòdó funfun yí ọrùn rẹ̀ ká. Ti Ketill ni tẹ́lẹ̀, oṣù kìíní ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ti tú apá rẹ̀, ó ti tún un hun sí gígùn.

"Ọdún méjì," ó ní. "Kó tó di ti irin."

Wọ́n gbéra. Níbi tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀, Sindri tú afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí géèjì fi ka mẹ́ta. Wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ. Jíìpù gun orí òkè bí pẹ́pẹ́yẹ tó ń lọ sódò. Hallbera ń jẹ súìtì dúdú oníyọ̀, ó ń sọ bí ó ṣe yẹ kí Sindri wà á.

"Ketill kì í tẹ̀ ẹ́ tó báyìí."

"Ẹ jẹ́ n wà á, Ìyá àgbà."

"Wà á. Èmi kàn ń sọ ni."

Wọ́n ti rìn tó wákàtí méjì kí wọ́n tó gbọ́ ọ: pọ̀ọ̀. Jíìpù fi ìdí lélẹ̀ lápá ẹ̀yìn. Sindri pa á. Kò sọ̀kalẹ̀. Ó gbé orí lé sítíárìn. Ó mọ èyí tó jẹ́. Kò sí ìdí láti wò ó.

Hallbera ló sọ̀kalẹ̀. Ó pẹ́ lẹ́yìn jíìpù.

"Sindri! Wá wo nǹkan."

Táyà kan ti bọ́ kúrò létí ríìmù. Sindri bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà tí Ketill fi ṣọ́ọ̀kì kọ ṣì wà nínú ríìmù náà. 2. Ó wo òdì kejì. Ìkẹrin dúró síbẹ̀, ó tẹ́, ó gbádùn ara rẹ̀. Ó padà síbi èkejì, ó fi ìka tọ etí rẹ̀ yíká.

"Kò sí gọ́ọ̀mù," ó wí. "Wọ́n gbàgbé gọ́ọ̀mù."

"Ta ló gbàgbé?"

"Bàbá àgbà."

Hallbera dúró. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n ọ́n láti èjìká. Ó jókòó sínú yìnyín nígbà tí kò lè dúró mọ́.

"Ketill gbàgbé! Mo gbàgbé iyọ̀ sínú ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó lọ sọ ọ́ nínú Ìkòkò fún ogún ọdún. Ketill! Ṣé o gbọ́? O gbàgbé gọ́ọ̀mù!"

Sindri náà ti jókòó tì í, ẹ̀rín ti mú un ní ikùn. Kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti oṣù kejì. Ó ti máa ń rò pé Ketill kò ṣìṣe rí. Ó tó ọdún mẹ́fà tó ti ń rò bẹ́ẹ̀, ó sì wúwo lọ́rùn rẹ̀ láìmọ̀.

Wọ́n fi jáàkì gbé e. Sindri fọ́n gáàsì láítà sínú táyà, kí iná lè ti táyà padà sórí ríìmù, ó wá ìṣáná kiri ara, kò rí i. Hallbera yọ ọ́ nínú àpò.

"Ẹ jẹ́ n ṣá a, Ìyá àgbà. Iná ni o."

"Sún sẹ́yìn. Ta lo rò pé ó ń ṣá a láti ọjọ́ yìí? Ketill? Ẹ̀yìn mi ló máa ń sá sí, á fọwọ́ di etí."

"Bàbá àgbà?"

"Lọ́dún àkọ́kọ́, níwájú ahéré lọ́hùn-ún, táyà bọ́ báyìí. Ó ti rò pé ikú dé. Mo ní bí mo bá dá a padà, kí lo máa fún mi? Ó ní òun á fẹ́ mi. Mo ní ẹ̀bùn yẹn kéré, ṣùgbọ́n òtútù ń mú mi."

Ó ṣá ìṣáná, ó jù ú. Gbì! Táyà fò sókè, ó jókòó padà sórí ríìmù bí fìlà sórí onífìlà. Sindri wá rí i pé ọwọ́ òun náà wà létí.

Wọ́n dé ahéré. Wọ́n mu kọfí inú fúláàsì, wọ́n jẹ ẹja gbígbẹ pẹ̀lú bọ́tà. Ilà tí Ketill ń fi ọ̀bẹ fà lọ́dọọdún sára òpó ilẹ̀kùn pé márùndínláàádọ́ta. Hallbera gba ọ̀bẹ, ó fa ìkẹrìndínláàádọ́ta. Ó wọ́ díẹ̀. Ó ní kò burú, Ketill náà kì í fa ilà tó tọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé ibi tí yìnyín ti tán, tí títì bẹ̀rẹ̀. Táyà tó tẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi rìn lórí títì, àfi kí èèyàn fẹ́ ẹ padà. Hallbera ti sùn lọ níwájú, ẹnu là, súìtì wà lọ́wọ́. Sindri kò jí i. Ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ó fa ọ̀pá pọ́m̀pù jáde. Ó fẹ́ ìkínní. Ó fẹ́ èkejì, òun ló gba afẹ́fẹ́ jù, Sindri gbá a létí díẹ̀. Ó fẹ́ ìkẹta. Ó dé ọ̀dọ̀ ìkẹrin, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ojú ibi tó jó. Ó tutù. Ó ti sinmi. Ó ki ẹnu pọ́m̀pù bọ̀ ọ́, ó lóṣòó tì í, ó ń wo géèjì bó ṣe ń gòkè: mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà.